Àmì Kútẹ́ẹ̀sì

Èékánná márùn-ún ọwọ́ òsì ọmọge náà pupa fòò. Tọwọ́ ọ̀tún kò rí ọ̀dà kankan. Ohun tí Lájídé kọ́kọ́ rí nìyẹn nígbà tí Rhoda gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan lé tábìlì níwájú rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Kábà. Ó bi ara rẹ̀ pé, bí ààbọ̀ ẹwà bá rí báyìí, odindi ńkọ́?

"Okun o, ẹ̀ńjíníà."

"Okun o, sisí. Kí ló ṣe é?"

"Ó ń lọ́ra tẹ́lẹ̀ ni. Láàárọ̀ yìí, ó ń dún, fáànù ẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ dúdú." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti sàmì sí gbogbo nǹkan inú ẹ̀ lánàá. Kí ẹ kàn mọ̀ ni."

"Ṣé ẹ máa ń sàmì síra yín kẹ́ ẹ tó lọ rí dókítà náà ni?"

"Tí dókítà bá fojú jọ yín, màá sàmì."

Bàbá Olúbọ̀dé, bàbá Rhoda, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá ńlá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni, inú kọ̀ǹpútà náà ló sì ń kọ ìtàn ayé rẹ̀ sí. Ó ti dé orí kẹsàn-án. Nínú ìtàn náà, wọn kò tíì bí i.

"Ẹni tó bá ba ẹ̀rọ yìí jẹ́," Bàbá kéde, "orúkọ ẹ̀ kò ní sí nínú ìwé mi láéláé!"

Lájídé tú ẹ̀rọ. Ó yọ ráàmù, pátákó pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan. Àwọn eyín wúrà wà létí rẹ̀, àwọn ló fi ń di ihò rẹ̀ mú. Orí eyín yẹn gan-an ni àmì pupa kan jókòó sí, ó nípọn bí ìpara.

Ó wo àmì. Ó wo ọwọ́ òsì Rhoda. Ó wo Bàbá. Ó kẹ̀yìn sí wọn, ó fi spírítì nù ún, ó fi ìrésà ọmọ iléèwé ha á, ó dá a padà sáyè rẹ̀, ó sì gbọn eruku fáànù dànù. Ojú ẹ̀rọ mọ́ kedere.

Bàbá pàtẹ́wọ́. Rhoda kò pàtẹ́wọ́. Ó ti fi iná fóònù wo inú ẹ̀rọ.

"Àmì orí ráàmù dà? Ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀!"

"Mi ò pààrọ̀ nǹkan kan."

"Àmì mi wá dà?"

Lájídé mú ìdérí ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dè é padà.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjọ á gbọ́ irú èèyàn tó o jẹ́."

Ní Kábà, oníṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọ bá pè lólè, kó yáa múra oko.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà ń yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn sì ń jẹ Rhoda lọ́kàn. Olè wo ló ń fi èyí tó dára rọ́pò ohun tó jí? Lọ́jọ́ Sátidé, ó tú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Nínú ihò tí ráàmù ń wọ̀, ó rí èérún pupa bí ata gígún. Ó wá rántí: eyín wúrà yẹn ló fi àmì sí, torí ibẹ̀ ló dán jù lọ! Òun gan-an ló dí ẹ̀rọ lẹ́nu.

Ó jẹ́wọ́ fún Bàbá. Bàbá kò bú u. Ó wọ awò ojú, ó ṣí ojú ìwé ìdúpẹ́, ó pa orúkọ ọmọ rẹ̀ rẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?" Rhoda bi Lájídé ní ṣọ́ọ̀bù.

"Lójú bàbá yín? Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ní àwọn máa ṣe ni?"

"Wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ti yọ mí kúrò nínú ìwé."

"Ẹ jẹ́ kí èmi náà bẹ̀rẹ̀ tèmi. Orúkọ yín ni màá fi ṣíwájú."

Rhoda rẹ́rìn-ín, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Èyí tó ní tẹ́lẹ̀ ti tán sínú ẹ̀rọ kó tó kan ọwọ́ ọ̀tún; ó mú kútẹ́ẹ̀sì tuntun jáde nínú báàgì.

"Mú àtàǹpàkò ẹ wá." *Yín* ti di *ẹ*; Lájídé gbọ́ ọ. Ó kán ẹyọ pupa kan sí i léèékánná.

"Kí lèyí wà fún?"

"Kí wọ́n má bàa bá mi pààrọ̀ ẹ."

Kí oṣù Kejìlá tó dé, Bàbá ti dá orúkọ Rhoda padà sínú ìwé, ó ti fi ti Lájídé tẹ̀lé e. Òun alára ni wọn kò tíì bí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, pásítọ̀ bi ìyàwó bóyá ó gbà. Gbogbo ìjọ ń retí. Rhoda kọ́kọ́ gbé àtàǹpàkò ọkọ rẹ̀ sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Àmì wà níbẹ̀.

"Mo gbà," ló wí.