Irin Ẹnu Ọpẹ́olúwa

"Ẹ dá a padà! Ẹ dá a padà sẹ́yìn díẹ̀!"

Jésùlayọ̀mi ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ wa ní Mowe, tó ń na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀sán Sátidé kan ni, lọ́dún 2006. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ti kún orí àga àti ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń wo fídíò àjọ̀dún ìjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Àbúrò mi, Ọpẹ́olúwa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló ń dá orin nínú ẹ̀. Níbi tí ohùn ti ga jù, ó ya ẹnu gbàgà, àfi bí ẹni tó ń ya fídíò ṣe fa ẹ̀rọ sún mọ́ ọn, tó gbé gbogbo ẹnu ọmọ ọlọ́mọ sójú tẹlifíṣọ̀n. Irin dúdú méjì tí wọ́n fi dí ihò eyín ẹ̀ láti kékeré, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wá hàn kedere.

Wọ́n dá a padà lóòótọ́. Wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò, wọ́n ń fi ẹ̀rín yí gbirigbiri nílẹ̀.

"Ọpẹ́, ṣé ọ̀dọ̀ wẹ́dà lo ti máa ń fọ eyín ni?" ni ọmọkùnrin kan bi í.

Ọpẹ́ kọ́kọ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó yá, ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Inú bí mi débi pé mo pa tẹlifíṣọ̀n náà. Èmi Mọ́láyọ̀ ni àkọ́bí ilé wa. Látìgbà tí bàbá wa ti kú ni mo ti ń fi owó ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe irun ní àdúgbò Lotto ran ìyá wa lọ́wọ́. Kí wọ́n wá máa fi àbúrò mi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé wa, kí wọ́n tún máa mu gàrí wa sí i? Ó tì o.

"Ó tó! Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín. Ẹ̀yin tí eyín yín funfun, ẹ lọ fi run eegun nílé ìyá yín!"

Gbogbo wọn lọ, ó ku Jésùlayọ̀mi. Ọ̀rẹ́ Ọpẹ́ ni, wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà ní SS2. Ó bá a wọ yàrá, mo sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Èmi ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mo kà á lórí kọ̀ǹpútà ní kàfẹ́ pé mẹ́kúrì wà nínú irin yẹn. Májèlé ni. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń jẹ ọpọlọ. Ṣé o rò pé lásán lo ṣe féèlì mátíìsì ni?"

Ẹ gbà mí o! Ọmọ tí kì í ṣí ìwé mátíìsì, irin eyín ló wá jẹ ọpọlọ ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ májèlé yẹn ba èmi náà lẹ́rù. Ní Mọ́ńdè, mo ti ṣọ́ọ̀bù, èmi àti Mọ́mì sì mú Ọpẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Èkó. Dókítà eyín tó yẹ̀ ẹ́ wò, obìnrin kan tó ń jẹ́ Adépọ̀jù, fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń kan eyín náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ya fọ́tò inú ẹ̀.

"Mọ́mì, òótọ́ ni pé mẹ́kúrì wà nínú ẹ̀," ni dókítà wí. "Àmọ́ wọ́n ti pò ó mọ́ irin mìíràn, ó ti gan. Èyí tó ń jáde lára ẹ̀ kéré gan-an, kò tó ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà yín. Irin yìí ò là, kò mì, eyín ò sì jẹrà lábẹ́ ẹ̀. Tí a bá ní ká gbẹ́ ẹ kúrò, a máa gbẹ́ eyín tó dáa mọ́ ọn ni. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó bá là, tàbí tí eyín bá ń dùn ún, ẹ mú un wá, a máa pààrọ̀ ẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ó dúdú, mà," ni Ọpẹ́ wí.

"Ó dúdú lóòótọ́, ọmọ mi. Àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe."

Ọ̀rọ̀ tó yé èmi, kò yé Ọpẹ́. Ó káwọ́ gbera nínú ọkọ̀ títí a fi délé, ó ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú nínú. "Má da ara ẹ láàmú. Ọlọ́run tó dá eyín, ó lè fọwọ́ ara ẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀. Màá gbààwẹ̀ sí i." Ó sì gbààwẹ̀ náà lóòótọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, láàárọ̀ Fúráìdé, Ọpẹ́ ń yán níwájú Mọ́mì. Àfi igbe!

"Yéè! Mọ́láyọ̀, sáré wá! Wá wo iṣẹ́ Olúwa o!"

Mo sáré dé ibẹ̀. Eyín ọ̀tún Ọpẹ́ ti funfun. Kò sí irin níbẹ̀ mọ́. Tòsì ṣì dúdú bó ṣe wà.

"Ọpẹ́, báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?" ni mo bi í.

"Mi ò mọ̀, Àǹtí," ló fèsì, tó ń wo ilẹ̀.

"Kí lo fẹ́ mọ̀?" Mọ́mì jágbe mọ́ mi. "Aláìgbàgbọ́ ọmọ! Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ Ọlọ́run bó ṣe máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ ni?"

Mo pa ẹnu mi mọ́. Ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ tí bàbá wa ti kú, Mọ́mì ò rí ẹ̀rí kankan jẹ́ nínú ìjọ. Sọ́ńdè dé Sọ́ńdè, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á jáde síwájú: ti ẹlòmíì, ọmọ ẹ̀ gba físà, ti ẹlòmíì, ọkọ ẹ̀ ra mọ́tò. Ìyá wa á jókòó sáàyè ẹ̀, á máa pàtẹ́wọ́ fún wọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ já ayọ̀ yẹn gbà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí mi ò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́?

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òun ló kọ́kọ́ dìde. Ó sọ ọ́, ó jó, ó sunkún. Pásítọ̀ Olúsànyà wá gbé makirofóònù sí Ọpẹ́ lẹ́nu. "Ọmọ mi, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Ó lè sọ òótọ́ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò dì í lẹ́nu. Ó wo ojú Mọ́mì, ó wo ọ̀dọ̀ àwọn akọrin, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Gbogbo ìjọ hó yèè. Ìyá kan níwájú nahùn sókè, ó ní, "Ọlọ́run tó ṣe tọ̀tún, á ṣe tòsì kó tó di Sọ́ńdè tó ń bọ̀!" Gbogbo wa ṣe àmín. Ọpẹ́ nìkan ni ò ṣe é.

Ẹyin lohùn. Kò pẹ́ tí Ọpẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun. Nígbà tó yá, kò jẹun mọ́. Á lọ fi omi iyọ̀ fọ ẹnu lẹ́yìn ilé, á fi kànáfùrù há eyín, á ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tó fi máa di Túsìdé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ọ̀tún ti wú bíi ti ẹni tó kó àkàrà sẹ́nu tí kò gbé e mì.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká mú un padà lọ sọ́dọ̀ dókítà," ni mo wí.

"Ká lọ sọ fún un pé eyín tí Ọlọ́run ṣe ń dun ọmọ? Láéláé! Sàtánì ló fẹ́ gba ẹ̀rí mi lọ́wọ́ mi." Ó da òróró sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń gbàdúrà. Ọmọ náà ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀, kò sì lè sọ pé ó ń dun òun. Ṣé ẹ rí i bí irọ́ ṣe ń de ènìyàn lókùn?

Ní Wẹ́sìdé, mo lọ ra irun ní Ibafo. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni mo rí Ọpẹ́ àti Jésùlayọ̀mi nínú yunifọ́ọ̀mù, ní wákàtí tó yẹ kí wọ́n wà ní kíláàsì. Wọ́n yà sí kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ọ̀dọ̀ àwọn fọ́káníṣà, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù onípákó kan tí wọ́n ya eyín ńlá sí lára ilẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀bù ẹni kan tó ń jẹ́ Àdìó ni. Eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà tí eyín wọn ti ká, àmọ́ ó ń pe ara ẹ̀ ní dókítà. Mo tẹ̀ lé wọn.

Ọpẹ́ ti jókòó sórí àga, ó ti ya ẹnu. Àdìó ti mú ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ́ eyín àtọwọ́dá lọ́wọ́. Kò fọ ọwọ́, kò wọ ìbọ̀wọ́.

"Dúró níbẹ̀!" Mo lọgun débi pé ẹ̀rọ náà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Háà, àǹtí, ẹ fara balẹ̀," ló wí. "Tòsì la kàn fẹ́ ṣe. Èmi náà ni mo ṣe tọ̀tún, ó sì dáa."

"Ó dáa? Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?"

"Ó máa ń wú kó tó lọlẹ̀."

"Á wú bá gbogbo ìdílé ẹ! Eyín àtọwọ́dá lo mọ̀ ọ́n ṣe, o wá ń gbẹ́ eyín ọmọ alààyè. Wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìwọ, orí tí ò tiẹ̀ fọ́ rárá lo wá ń bẹ́!"

Kí n tó bojú wẹ̀yìn, Jésùlayọ̀mi ti sá lọ. Òun tó mú un wá, òun ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ fẹ. Ọpẹ́ bú sẹ́kún lórí àga.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Tí mi ò bá ṣe tòsì, kí ni Mọ́mì máa fi hàn wọ́n lọ́jọ́ Sọ́ńdè? Gbogbo ìjọ ló ń retí ẹ̀. Àtìgbà tí Dádì ti kú, mi ò rí Mọ́mì kó jó bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò fẹ́ kí ojú tì wọ́n."

Ọwọ́ ń yún mi kí n gbá a létí, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ò gba ìgbátí. Mo fa ohùn mi wálẹ̀.

"Gbọ́ mi dáadáa, Ọpẹ́. Mi ò ní fà ọ́. Tó o bá jókòó síbẹ̀, á gbẹ́ tòsì náà, méjèèjì á máa dùn ọ́, o ò sì ní lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Tó o bá dìde, ọ̀dọ̀ Mọ́mì là ń lọ báyìí. Ìwọ lo lẹnu, ìwọ ni kó o yàn."

Àdìó ti ń tẹ̀ láti mú ẹ̀rọ ẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí Ọpẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì dìde.

Ó kúnlẹ̀ sọ ọ́ fún Mọ́mì fúnra ẹ̀. Ó ní owó tí mo fún un fún lẹ́sìnnì lòun kó fún Àdìó, tó gbẹ́ irin náà kúrò, tó fi èròjà funfun tó fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá dí ihò ẹ̀. Mọ́mì ò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ẹ̀.

"O purọ́ mọ́ Ọlọ́run! O jẹ́ kí n jó níwájú gbogbo ayé bíi wèrè! Níbo ni mo fẹ́ fi ojú mi sí?" Ó yíjú sí mi. "Ìwọ náà mọ̀, o dákẹ́!"

"Mi ò mọ̀, Mọ́mì. Mo bi í léèrè, ẹ ní aláìgbàgbọ́ ni mí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣáájú wa wọ ọkọ̀ Èkó.

Dókítà Adépọ̀jù wo inú ẹnu Ọpẹ́, ó mí kanlẹ̀, ojú ẹ̀ sì le. "Ta ló ṣe èyí? Ó ti gbẹ́ ẹ wọnú iṣan eyín. Ìdajì eyín ti lọ, ọyún ti kún ìdí ẹ̀. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tètè wá, kó má bàa ràn dé ọrùn. Mi ò lè tún un ṣe mọ́. Yíyọ la máa yọ ọ́."

Eyín tó wà jẹ́jẹ́ níjọ́ kìn-ín-ní, tí kò dun ẹnikẹ́ni, òun ni wọ́n yọ sínú abọ́ níṣojú wa. Mọ́mì wò ó, gbogbo ìbínú ẹ̀ wá kó sórí irin tó kù.

"Dókítà, ẹ bá mi yọ irin burúkú ti òsì yẹn náà kúrò, ẹ fi funfun sí i. Òun ló fa gbogbo ẹ̀!"

Ọpẹ́ mi orí. Òwú kún ẹnu ẹ̀, síbẹ̀ a gbọ́ ohun tó sọ. "Rárá, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Irin kọ́ ló purọ́, èmi ni."

Nígbà tó di Sọ́ńdè, kò dúró kí wọ́n pe òun. Ó jáde, ó gba makirofóònù, ó ní, "Irọ́ ni mo pa lọ́jọ́sí. Ibafo ni mo lọ tí ẹnì kan ti bá mi gbẹ́ eyín, torí pé wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bàjẹ́, wọ́n sì ti yọ ọ́. Ẹ má bínú." Ìyá tó ké jù lọ́jọ́ yẹn pòṣé. Ẹnì kan lẹ́yìn wa ní, "Ọmọ burúkú! Ó fi ìyá ẹ̀ ṣẹ̀sín." Mo ti fẹ́ dìde láti dá a lóhùn, àmọ́ Mọ́mì ti ṣáájú mi. Ó rìn lọ síwájú, ó dúró ti Ọpẹ́.

"Ẹ má bú u mọ́ mi lọ́wọ́," ni Mọ́mì wí. "Ọmọ mi purọ́, mo sì ti bá a wí. Àmọ́ èmi ni mo pariwo iṣẹ́ ìyanu kí n tó béèrè. Níṣojú mi ni ọmọ yìí ń jẹ̀rora. Ẹ̀rí mi ni mo ń ṣọ́, mi ò ṣọ́ ọmọ mi."

Kò sẹ́ni tó tún pòṣé.

Inú ṣì ń bí mi o. Nígbà tí èmi àti Pásítọ̀ wá Àdìó lọ, ó ti kó ẹrù ẹ̀, ó ti sá kúrò ní Ibafo. Ta ló mọ ẹnu ọmọ tó ń gbẹ́ báyìí? Jésùlayọ̀mi wá bẹ Ọpẹ́, eyín tiẹ̀ sì pé pérépéré. Torí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹ má gbé ara yín fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ẹ̀ nítorí ẹ̀rín ẹgbẹ́ yín. Tí ẹ bá sì ti ṣìnà, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe, torí irọ́ kì í wo ìrora sàn, ńṣe ló máa ń bò ó mọ́lẹ̀ títí á fi jẹrà. Àwọn tó fi Ọpẹ́ rẹ́rìn-ín ti gbàgbé ọ̀rọ̀ fídíò yẹn tipẹ́. Òun ni kò ní eyín ọ̀tún mọ́.