Òkúta Òòfà Inú Ihò Àtijọ́

Àwọn òṣìṣẹ́ ló kọ́kọ́ rí i láàárọ̀, nísàlẹ̀ àkàbà irin tó wọ inú kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta. Ọ̀dọ́bìnrin onímọ̀ òkúta ni, ẹni tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ó dojú bolẹ̀, ẹ̀yìn orí rẹ̀ sì ti fọ́. Gbogbo wọn rò pé ó yọ̀ ṣubú ni.

Inspẹ́kítọ̀ tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí pé kò sẹ́ni tó gbọ́ igbe rẹ̀ rí, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú náà. Ó wo àkàbà, kò rí ẹ̀jẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó èyí tí irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dà. Nínú irun ọmọ náà, ó rí èérún òkúta dúdú. Ó fi bébà wé díẹ̀ nínú rẹ̀, ó fi sápò.

"Ẹnìkan ló gbé e wá síbí," ó sọ fún ara rẹ̀.

Awakọ̀ típà ni gbogbo ọwọ́ ń nà sí, torí òun àti olóògbé jọ fa ọ̀rọ̀ lánàá.

"Kí lẹ jà lé lórí?" Inspẹ́kítọ̀ bi í.

"Ọ̀gá, mo gbé ọkọ̀ sẹ́nu ihò àtijọ́. Ó ní kí n gbé e kúrò, òun fẹ́ wọlé. Mo ní ihò tí wọ́n ti fi pákó dí láti ìgbà tó ti wó, kí ló ń wá níbẹ̀? Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá àpáta ibẹ̀ tún lè ya lu àwa tí à ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀." Awakọ̀ náà gbọn orí. "Inú bí mi lóòótọ́. Àmọ́ bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́."

"Ta ló tún gbọ́ pé ó fẹ́ wọbẹ̀?"

"Fọ́máànù nìkan. Ìṣojú wọn ni."

Fọ́máànù, olórí àwọn òṣìṣẹ́, ni ẹ̀gbọ́n ìyá olóògbé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọmọ náà dàgbà sí, Bàbá ló sì ń pè é. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ má bínú, irú òkúta dúdú wo ló wà níbí?"

Bó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òkúta, ọkùnrin náà nàró díẹ̀. Ó fọwọ́ kan ògiri kòtò. "Pẹgimatáìtì nìyí. Omi pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tó ń tutù nínú ilẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn òkúta inú rẹ̀ tóbi tó báyìí. Èyí tó ń dán, tó ṣeé ṣí bí ojú ewé ìwé, máíkà ni. Dúdú gbọọrọ tó nílà lára yìí, tọmalíìnì ni."

"Ṣé kò sí dúdú mìíràn?"

"Nínú kòtò yìí, rárá o. Ihò àtijọ́ nìkan ló ní òkúta òòfà. Ó wúwo, ojú mẹ́jọ ló ní bíi pé èèyàn ló gé e, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ irin."

"Ìgbà wo lẹ wọbẹ̀ kẹ́yìn?"

"Láti ọjọ́ tó ti wó, ẹsẹ̀ mi ò tẹ ibẹ̀ mọ́."

Tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ ní òòfà nídìí. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara típà kó lè rọ́wọ́ nu ojú. Nígbà tó yọ ọ́, Inspẹ́kítọ̀ rí i pé nǹkan dúdú yí ìdí rẹ̀ ká bí irùngbọ̀n.

"Ẹ yá mi ní tọ́ọ̀ṣì yín, Bàbá."

Nígbà tó ku òun nìkan, ó tú bébà rẹ̀, ó sì sún tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn. Àwọn èérún inú irun olóògbé fò lẹ̀ mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀.

Ó gba ilé Fọ́máànù lọ. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú bàtà ọmọbìnrin náà lórí itan. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn yàrá kan ṣí sílẹ̀. Wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ dáadáa.

"Yàrá ta nìyẹn, Màmá?"

"Ti ọmọ mi ọkùnrin. Ìgbà tí ihò àtijọ́ wó ló ní òun ò ṣiṣẹ́ òkúta mọ́, ló bá lọ sókè òkun. Kò tiẹ̀ dágbére fún mi."

"Ṣé ó máa ń pè?"

"Bàbá rẹ̀ ló máa ń pè níbi iṣẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún un. Àmọ́ ó máa ń ní kí wọ́n bá òun kí mi." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú ẹkún. "Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú. Mo máa ń rò ó bóyá ẹni tó ń ṣe bàtà fún un lọ́hùn-ún mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ti òsì gbọ́dọ̀ nípọn."

Inspẹ́kítọ̀ dìde, ó pe àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ síhò àtijọ́.

Lọ́sàn-án, àwọn ọlọ́pàá tú pákó ẹnu ihò náà. Ìṣó rẹ̀ jẹ́ tuntun, ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án padà ni. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sára òkúta kan nítòsí ẹnu ọ̀nà. Níwájú díẹ̀, níbi tí ọmọbìnrin náà ti kó àwókù àpáta kúrò, bàtà iṣẹ́ kan wà. Ti òsì ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, egungun sì wà nínú rẹ̀.

Inspẹ́kítọ̀ bá Fọ́máànù ní pálọ̀ ilé rẹ̀. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì sórí tábìlì.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé òkúta òòfà ò sí níbòmíràn àfi ihò àtijọ́. Ó wà nínú irun ọmọ yín, nítorí ibẹ̀ ló kú sí kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sísàlẹ̀ àkàbà. Ó wà nídìí tọ́ọ̀ṣì yín, nítorí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Mi ò kọ́kọ́ mọ ìdí tí bàbá fi máa ṣe ọmọ tó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo rí bàtà yẹn ló yé mi."

Ọkùnrin náà fa tọ́ọ̀ṣì náà mọ́ra. Nígbà tó sọ̀rọ̀, bíi pé ó ti ń wá ẹni tó máa bi í ni.

"Èmi àti ọmọ mi péré ló kù níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ihò wó. Mo rí i pé àpáta ti ń sán. Mo ní kò sí nǹkan, kó wọlé, kó tètè ṣe. Ó wó lé e lórí lójú mi. Mo ní n ó sọ fún ìyá rẹ̀ tó bá dọ̀la. Ilẹ̀ mọ́, ó ní ọmọ òun dà, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé ó ti rìnrìn àjò." Ó bojú. "Ọmọbìnrin yẹn fi bàtà náà hàn mí, ó ní Màmá gbọ́dọ̀ gbọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, Ọ̀gá. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo tọ́. Ó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, mo tì í, ó fi ẹ̀yìn orí gbá òkúta. Ṣe ni mo fẹ́ kó dúró."

Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó débẹ̀.

"Nígbà tẹ́ ẹ bá dé tẹ́ ẹ ní ó ní kẹ́ ẹ kí mi," ohùn rẹ̀ ò ròkè rárá, "ta ló ń kí mi?"

"Èmi ni."

Obìnrin náà fi ọwọ́ di ilẹ̀kùn mú. Ó wo ọkọ rẹ̀ títí àwọn ọlọ́pàá fi mú un jáde. Inspẹ́kítọ̀ rọra sún mọ́ ọn, ó ní àwọn máa rán ọlọ́pàá lọ bá ìyá olóògbé ní ìlú tó wà, kí wọ́n túfọ̀ fún un.

"Rárá," ni Màmá wí. Ó ń wá bàtà rẹ̀ nílẹ̀, omijé ò jẹ́ kó rí i. "Ẹ wá ọkọ̀ fún mi. Èmi ni n ó sọ fún un, gbogbo rẹ̀ pátá. Òní yìí náà ni."