Ẹni Tó Ń Ka Ìwé Má-fọwọ́-kàn-án

Kì í ṣe àhesọ. Ojú ni wọ́n fi rí i, ọ̀sán gangan sì ni.

Obìnrin olùwádìí kan wà tí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Má-fọwọ́-kàn-án. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀, àgàgà àkójọ orúkọ àti ojú ewé àwọn ìwé tó fi ń kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn kànga àtijọ́. Kọ̀ǹpútà méjì ló kó o sí: èyí tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́, àti àgbà kan tó jókòó sórí tábìlì nílé. Bó bá ti dé, á fi wáyà so wọ́n pọ̀, kí ohun tuntun tó wà nínú ọ̀kan lè wọ inú èkejì. Àbúrò rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó kó gbogbo rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Kí n lọ kó ìwé mi pamọ́ sílé onílé?" ló máa ń sọ. "Jẹ́ n gbádùn, jàre."

Ó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ yangàn, ó sì tọ́ sí i. Látìgbà tó ti ń kọ̀wé, ẹnikẹ́ni ò rí àṣìṣe tọ́ka sí nínú bó ṣe ń dárúkọ ìwé. Ohun tó kàn ń dùn ún ni pé kò dá a lójú pé ẹnì kankan ń kà á.

Lọ́jọ́ tó yẹ kó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé, ó ti so wáyà mọ́ àgbà kọ̀ǹpútà kó tó rántí pé àbúrò rẹ̀ ti tú u, ó sì ti yọ ohun tó ń fún un níná lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Iná ti lọ. Fáànù ò yí. Ilé dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú kọ̀ǹpútà tó gbé lọ́wọ́: Ẹ dúró. Ẹnì kan ń ka àkójọ ìwé yìí lọ́wọ́ lórí kọ̀ǹpútà kejì.

Ó yọ wáyà. Ọ̀rọ̀ náà ò lọ. Ó fọwọ́ kan àgbà kọ̀ǹpútà, ó tutù. Ó pe àbúrò rẹ̀.

"Ṣé o ti wá dá nǹkan yẹn padà ni?"

"Rárá, Àǹtí mi. Iwájú mi ló wà. Kí ló dé?"

"Kò sí."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, jẹ́jẹ́. Mo ti kà á. Mo ti kà á. Ìró kan ń jáde nínú àgbà kọ̀ǹpútà, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà téèyàn bá ń ṣí bébà. Ara rẹ̀ bù máṣọ.

Ìró náà dúró. Ọ̀rọ̀ tuntun yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kan: Ojú ewé tí ẹ kọ síbí kọ́. Ẹ wo èyí tó tẹ̀ lé e.

Inú bí i. Ta ló láyà? Ó fa ìwé náà yọ lórí pẹpẹ, ó ṣí i. Òtítọ́ ni. Ó ti ṣì í kọ.

Ó jókòó pẹ̀lẹ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wú. Ẹnì kan ti bá a ka gbogbo rẹ̀, dé ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wò, àṣìṣe kan ṣoṣo ló sì rí.

Ó tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ mìíràn yọ, lórí ìwé tirẹ̀ fúnra rẹ̀: Mo ti dé orí kẹta. Ẹ má tíì fi ránṣẹ́.

Fóònù dún. Atẹ̀wé ni.

"Màdámù, bí ò bá dé lónìí, iṣẹ́ ẹlòmíràn la máa gbé sórí ẹ̀rọ o."

"Ẹ gbé e sí i."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń kán wa lójú?"

"Wọ́n ń kà á lọ́wọ́."

"Ta ni?"

Ó wo àgbà kọ̀ǹpútà tí ikùn rẹ̀ ṣófo.

"Mi ò mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀wé."

Ó pa fóònù náà, kó má baà dí wọn lọ́wọ́.