Bọ̀dá Orúnkún Tó Wá Kọ Ètò Àtúnṣe

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, orí àga ọmọ ọdún mẹ́ta ló jókòó sí. Ọkùnrin gíga bí òpó iná, orúnkún rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, àga àgbà wà nílẹ̀ o."

"Ẹ ṣé, Àǹtí. Tí mo bá jókòó sórí tàgbà, àtàrí àwọn ọmọ nìkan ni màá máa rí. Níbí, ojú wọn ni mò ń rí."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi pátápátá. Nǹkan mìíràn bẹ̀rẹ̀ láyà mi.

Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tí màmá mi dá sílẹ̀ ni mo ti ń ṣe tíṣà. Àwọn olùbẹ̀wò ti wá, wọ́n ní ká kọ ètò àtúnṣe: ibi tí a kù sí, ohun tí a máa ṣe sí i, ẹni tó máa ṣe é, àti bí a ṣe máa mọ̀ pé ó ti yanjú. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ti ilé ìwé pa.

Màmá mi kọ́kọ́ kọ tiẹ̀. Bí ẹ bá kà á, ẹ ó rò pé àwọn ọmọ wa ló ń kọ́ Sólómọ́nì lọ́gbọ́n. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ àléébù, ohun tó kọ ni pé: "Àléébù wa ni pé a máa ń ṣiṣẹ́ jù." Kíá ni wọ́n dá a padà. Ni bàbá mi bá lọ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ náà kò tiẹ̀ mú bírò jáde. Wíwò ló ń wò. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Bọ̀dá Orúnkún, wọ́n ń gun orúnkún náà bí òkè. Bí ọmọdé bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, á dákẹ́, á rò ó dáadáa kó tó dáhùn, bí ẹni pé adájọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ọkùnrin tó mọ̀rọ̀ sọ. Èyí tó mọ bí wọ́n ṣe ń fetí sílẹ̀, òun ni mo kọ́kọ́ rí.

"Àǹtí," ó ní lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ṣa ohun ìṣeré sínú apẹ̀rẹ̀, "ẹ̀rín yín máa ń jẹ́ kí n gbàgbé ohun tí mo wá ṣe."

"Kí lẹ wá ṣe gan-an?"

"Mo ti gbàgbé."

Kò pẹ́ tó fi kúrò ní "Àǹtí" tó dé "olólùfẹ́ mi".

Màmá mi náà ń yìn ín. "Ọmọ gidi! Ó kó èèyàn mọ́ra!" Àfi ìgbà tí ọkùnrin náà ka ètò náà fún wa ní ọ́fíìsì.

Ojú ìwé kan péré ni. Ó kọ́kọ́ ka ibi tí a ti dára: "Ní ilé ìwé yìí, ọmọ kì í sunkún kó má rí ẹni gbé e. Màmá mọ orúkọ gbogbo wọn, ó mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù." Màmá mi gbórí sókè bí ayaba.

"Àléébù," ó ń kà á lọ. "Bí àkókò àtilọlé bá tó, àwọn ọmọ á jókòó, wọ́n á na ẹsẹ̀ síwájú, wọ́n á máa dúró de Màmá kó wá wọ bàtà fún wọn. Ọmọ tó fẹ́ lọ sí ilé ìwé àgbà kò lè wọ bàtà ara rẹ̀. Kò lè dá yan àwọ̀ tó fẹ́ fi kun àwòrán. Àtúnṣe: kí wọ́n máa ṣe é fúnra wọn. Ẹni tó máa ṣiṣẹ́ náà: Màmá. Ohun tó máa ṣe: kó jókòó, kó káwọ́ gbera."

Bàbá mi wo àjà. Èmi wo ilẹ̀.

"Èmi?" Màmá mi dìde. "Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀yìn mi fi wọ́? Èmi ni àléébù?"

"Màmá, ẹ má bínú, ìfẹ́ yín kọ́ ni mo..."

"Kó orúnkún ẹ jáde ní ọ́fíìsì mi! Àti ìwọ," ó kọjú sí mi, "mo ti rí ojú tí o fi ń wò ó. Ẹni tó kọ ìyá ẹ sí àléébù, kí ló máa kọ ìwọ sí? Kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀!"

Mo sá tẹ̀ lé e dé géètì.

"Olólùfẹ́ mi," ó ní, "mo lè yí i padà. Mo lè kọ ọ̀rọ̀ dídùn. Àwọn olùbẹ̀wò á dá a padà, ṣùgbọ́n màmá ẹ á gbà mí."

"Ṣé òótọ́ lo kọ?"

"Òótọ́ ni."

"Má yí i."

Mo sọ ọ́ tán, mo bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì, màmá mi fẹ́ fi hàn wá pé irọ́ ni ọkùnrin náà pa. Nígbà tí àkókò àtilọlé tó, ó jókòó, ó káwọ́ gbera. "Ẹ máa wò ó!"

Gbogbo ọmọ na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Ẹnì kankan ò mira.

"Màmá, ẹsẹ̀ mi rèé o," ọ̀kan ní. "Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?"

Ọwọ́ màmá mi ń ta bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lómi. Ó ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ itan. "Má bẹ̀rẹ̀ o," bàbá mi ń sọ sí i létí, "má bẹ̀rẹ̀." Ó pẹ́ gan-an. Ìgbà tó yá, èyí tó kéré jù nínú wọn, ẹlẹ́kún ilé ìwé, fa bàtà mọ́ra. Ó ti tọ̀tún bọ tòsì, ó dìde, ó ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ.

"Èmi ni mo wọ̀ ọ́! Èmi ni o!"

Ni gbogbo kíláàsì bá rọ́ lu bàtà. Màmá mi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wá bírò. Ó fọwọ́ sí ètò náà níbẹ̀. Àwọn olùbẹ̀wò gbà á. Wọn ò ní ti ilé ìwé pa mọ́.

Màmá mi ránṣẹ́ pe Bọ̀dá Orúnkún. Gbogbo wa rò pé ó máa fà mí lé e lọ́wọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni, iṣẹ́ ẹ dára. O ṣeun. Ó dàbọ̀."

Háà! Ọkùnrin náà kò lọ. Ó wò mí. Màmá mi mí kanlẹ̀. Mo mọ mímí yẹn. Òun ló máa ń mí kó tó yan aṣọ tí màá wọ̀, èmi tí mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún.

"Ohun tí ọmọ mi fẹ́ ni pé..." màmá mi ní. Bàbá mi wúkọ́. Màmá mi fọwọ́ ara rẹ̀ bo ẹnu ara rẹ̀.

Gbogbo wọn wá ń wò mí. Wọn ò dúró gbọ́ tẹnu mi rí nílé wa. Mo kọjú sí Bọ̀dá Orúnkún.

"Mo fẹ́ ọ," mo sọ fún un. "Ẹnikẹ́ni kò bá mi yàn ọ́. Bí o bá fẹ́ mi, wí. Bí o kò bá fẹ́ mi, ọ̀nà rèé."

"Ìwọ ni mo fẹ́," ó ní. "Láti ọjọ́ tí o ti fi mí rẹ́rìn-ín."

Màmá mi yọ ìka kan kúrò lẹ́nu. "Ṣé mo lè sọ̀rọ̀ wàyí?"

"Kò tíì yá," bàbá mi dáhùn.

Màmá mi dúró. Ó dúró títí mo fi sunkún tán, tí mo nu ojú. Ìgbà tí a wá fún un láyè, àdúrà tó tú jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ sókè débi pé àwọn òbí tó wá mú ọmọ wọn ń ṣe àmín láti ẹ̀yìn géètì, wọn ò tiẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún.