Yàrá Tí Olúbọ̀dé Fi Àgbàdo Dí

Bí o bá dé Fìdítì ní ọdún 1964, tí o béèrè ẹni tí yàrá pọ̀ nílé rẹ̀ jù, Olúbọ̀dé alágbàdo ni wọ́n máa júwe fún ọ. Bí o bá tún béèrè ẹni tí kì í gba àlejò, má wulẹ̀ kúrò níbẹ̀, ọkùnrin kan náà ni.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìbíyẹmí, ló kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Olúbọ̀dé kò sunkún. Ọkàn rẹ̀ ti kú tipiri, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́. Ó kó àpò àgbàdo kún yàrá obìnrin náà dé àjà, ó fi àgádágodo tì í. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí àsìkò Bíbọ̀ Olúwa wọlé, ìjọ pe àwọn akọrin Awẹ́ wá fún Kérésìmesì. Àṣà wọn ni kí onílé kọ̀ọ̀kan yọ̀ǹda yàrá kan fún àlejò. Ezekiel, ọ̀rẹ́ Olúbọ̀dé láti kékeré, ló ń wá yàrá kiri.

"Bọ̀dé, fún wa ní yàrá kan."

"Àlejò kún ilé mi."

"Àlejò wo? N kò rí bàtà lẹ́nu ọ̀nà."

"Wọ́n ń sùn."

Ezekiel wo ara ilé. "Àwọn àlejò rẹ ń ti ògiri o. Ó ti yọ ikùn."

"Ilé mi ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ògiri amọ̀ náà da wó. Àpò yí sójú títì, àgbàdo fọ́n ká. Ewúrẹ́ àdúgbò ló kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn ayọ̀ náà.

Àsíátù, aládùúgbò rẹ̀ tó ti gbọ́ irọ́ tó pa fún Ezekiel, ká apá mọ́ àyà. "Bàbá, àwọn àlejò yín mà sanra o. Ẹ ní kí wọ́n dìde kí wa."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Olúbọ̀dé kò bínú, ojú kò tì í. Ìyẹn ló dẹ́rù bà á: ilé òun wó, kò tilẹ̀ dun òun.

Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó lọ dúró níwájú ilẹ̀kùn yàrá Ìbíyẹmí.

"Ògiri ti lọ," Ezekiel, tó ti sáré dé, wí. "Gba ibẹ̀ wọlé."

"Ìyẹn wó ni. Èmi kọ́ ni mo ṣí i."

Ezekiel wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Jésù kì í wó ògiri ẹni wọlé, Bọ̀dé. Ó kú fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, ó jíǹde, àyè ló ń béèrè."

"Nǹkan kan kì í dùn mí mọ́. N kò lè sunkún. Kí ni n óò fi gbà á?"

"Ta ló ní ẹkún lo máa fi gbà á? Sọ bẹ́ẹ̀ gan-an fún un."

Olúbọ̀dé ṣí ilẹ̀kùn. Ó rí ibùsùn Ìbíyẹmí lábẹ́ erùpẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Olúwa, mo purọ́. Mo bínú sí ọ, mo tìlẹ̀kùn mọ́ ọ. Dárí jì mí. Ara mi kò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n máa wọlé."

Omijé kò wá, àrá kò sán. Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lórúnkún, ó ní ebi ń pa òun. Ó ti pẹ́ tí ebi ti pa á kẹ́yìn.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, ṣé o ń dúró kí ọkàn rẹ kọ́kọ́ gbóná kí o tó tọ Jésù lọ? Ta ní ń sàn tán kó tó lọ rí dókítà? Bí o ti rí yìí, wá. Ronú pìwà dà lónìí. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, wọn kò rí àyè fún un nílé èrò, ó sì gba ibùjẹ ẹran. Ó tún ń bọ̀, ọ̀rẹ́ mi. Nígbà náà, kò ní bẹ ẹnikẹ́ni fún àyè mọ́.