Iná Mẹ́ta Lábẹ́ Agbòòrùn Funfun

Oòrùn ọ̀sán gangan ti fi òjìji kun ihò ojú gbogbo ẹni tó ń kọjá ní òpópónà bí ẹni fi èédú kùn ún, àfi ojú ọmọbìnrin kan tó ń bọ̀ lábẹ́ agbòòrùn funfun. Ojú tirẹ̀ mọ́ kedere. Ìmọ́lẹ̀ ń sẹ̀ sí i lára láti inú aṣọ agbòòrùn náà bí ìrì òwúrọ̀. Kò sí ibi tó dúdú jù, kò sí ibi tó ń dán jù.

Ayàwòrán dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbàgbé pé òun ní oníbàárà nínú ilé. Ọkùnrin tó wá ya fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà jókòó sórí àpótí, ó gbé àgbọ̀n sókè bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, ó ń retí. Nígbà tí ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó béèrè bóyá wọ́n ti yà á tán. Ayàwòrán ní kó má bínú, kó ṣì gbé àgbọ̀n sílẹ̀ ná. Ló bá tẹ̀ lé agbòòrùn.

Kì í ṣe aláìníṣẹ́ tí í tẹ̀ lé obìnrin kiri. Ohun tó ń wá ti pẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù tó fi ń rántí ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì yà á. Iná kan ṣoṣo ló ní nígbà náà, apá ọ̀tún ló sì gbé e sí. Apá ọ̀tún ojú ìyá ń rẹ́rìn-ín. Apá òsì wọ inú òkùnkùn lọ ráúráú. Kó tó rí iná kejì, ìyá ti lọ. Wọ́n ní ọmọ tí kò ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn. Ti ayàwòrán yìí, ojú ló ti dá a. Kò ní aya, kò ní àbúrò. Ìdajì ojú yẹn lára ògiri ló ń kí ní àárọ̀.

Láti ìgbà náà ló ti ń wá bí òun ṣe máa ní iná mẹ́ta tí yóò máa tàn pa pọ̀, nítorí ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Èyí tí wọ́n ń tà nínú páálí kọjá agbára rẹ̀, àlòkù ló ń ṣà jọ: èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, èyí tí ilé bátìrì rẹ̀ ti dípẹtà. Ó ń fi sùúrù tún wọn ṣe, ó sì ń jó ojú kékeré kan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lára, gíláàsì tíńtín bí ẹyin ẹja. Bí iná orí kàmẹ́rà bá ti ṣẹ́jú, àwọn ojú yìí á rí i, àwọn iná yòókù á sì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà kankan kò so wọ́n pọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohun tó kù ni ohun tí yóò fi rọ ìmọ́lẹ̀ wọn, torí pé iná fọ́tò a máa le lójú bí ìbáwí.

Ọmọbìnrin náà ló ń tún agbòòrùn ṣe nígun òpópónà, lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà kan. Irin agbòòrùn so rọ̀ lókè orí rẹ̀ bí egungun ẹyẹ. Ayàwòrán kí i kú iṣẹ́, ó ní òun fẹ́ ra funfun yẹn.

“Dúdú ló dáa,” ni ọmọbìnrin náà wí. “Funfun kò wúlò. Ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé.”

“Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn.”

“Kí lẹ fẹ́ fi bò?”

“Iná ni. Nínú yàrá.”

Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó wò ó láti òkè délẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé òjò ń rọ̀ nínú yàrá yín ni, àbí òtútù ń mú iná yín?”

Ayàwòrán rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, ẹ̀rín náà jáde bí ikọ́, débi pé ọmọbìnrin náà bu omi fún un.

Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ ara wọn nìyẹn. Ó ń pe ayàwòrán ní Oníná, ayàwòrán ń pè é ní Alágbòòrùn. Bí ọjà bá dá, Alágbòòrùn á kó abẹ́rẹ́ àti òwú wá sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò, níbi tí ayàwòrán ń sùn sí pẹ̀lú. Wọ́n gbin òpó irin sínú agolo mílíìkì, wọ́n da sìmẹ́ǹtì lé e, ó di ẹsẹ̀ tí iná ń dúró lé. Irin agbòòrùn tó ti kán ni wọ́n tẹ̀ tó fi di ọwọ́ tó ń gbá iná àti agbòòrùn mú pọ̀. Alágbòòrùn náà ló ń jókòó fún ìdánwò, iná kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lẹ́yìn.

“Ti ẹ̀yìn yìí, kí niṣẹ́ ẹ̀?” ló béèrè lọ́jọ́ kan.

“Òun ló ń yọ ẹ́ kúrò lára ògiri. Láìsí i, ògiri á gbé ẹ mì.”

Ó wo yàrá náà yí ká, ibùsùn kan, ife kan, fọ́tò kan. “Ó ti pẹ́ tí ògiri ti ń gbé ìwọ náà mì, Oníná.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ ayàwòrán lára. Lọ́sẹ̀ kejì, ó lọ bá bàbá Alágbòòrùn láti tọrọ ọmọ rẹ̀ fẹ́.

Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Òun ló ń tan iná tí awakọ̀ máa ń wò kó tó mọ̀ bóyá kó máa bọ̀ tàbí kó dúró. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àkọ́bí rẹ̀ ń múra àtilọ sílé ọkọ. Alágbòòrùn nìkan ló máa kù nílé. Ó gbọ́ ohun tí ayàwòrán bá wá, ó ní kó wá ya fọ́tò ìgbéyàwó àkọ́bí náà. Bí òun bá rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, òun á mọ èsì tí òun máa fọ̀.

Ayàwòrán to iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú gbọ̀ngàn, agbòòrùn funfun wà lórí wọn, gbogbo rẹ̀ dùn ún wò. Àmọ́ inú yàrá tó ṣófo ló ti ń dán wọn wò látọjọ́ yìí. Kò ro ti àlejò. Ìyá àgbàlagbà kan gbé fóònù sókè, iná fóònù ṣẹ́jú, iná mẹ́ta dá a lóhùn. Èyí wu àwọn èèyàn, ni oníkálukú bá gbé fóònù tirẹ̀ jáde. Àwọn iná náà ń dá gbogbo ayé lóhùn. Nígbà tí bàbá di ọwọ́ ọmọ mú tó fẹ́ fà á lé ọkọ lọ́wọ́, ayàwòrán tẹ kàmẹ́rà. Agbára ti tán nínú méjì lára àwọn iná. Ti apá ọ̀tún nìkan ló tàn.

Bàbá gbé fọ́tò náà sún mọ́ fèrèsé. “Ibo ni ìdajì ojú mi wà?”

Ayàwòrán gba fọ́tò náà wò. Ojú ìyá rẹ̀ ló ń rí.

“Iná tó ń dá gbogbo ẹni tó bá ṣẹ́jú sí i lóhùn, ta ló ni ín?” ni bàbá wí. “Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, awakọ̀ tó bá dá iná tí kì í ṣe tiẹ̀ lóhùn, òkú la máa ń lọ kó. Ṣé irú ẹ ni kí n fa ọmọ lé lọ́wọ́?”

Ayàwòrán kó àwọn iná sínú páálí, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Alágbòòrùn wá, ó kan ilẹ̀kùn. Ayàwòrán jókòó sórí àpótí nínú ilé, ó ń gbọ́. Ó gbọ́ nígbà tó pe Oníná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó gbọ́ nígbà tó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ nígbà tó lọ. Nígbà tí ayàwòrán wá ṣílẹ̀kùn, agbòòrùn funfun tó gbàgbé sí gbọ̀ngàn ló bá lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan ti fi òwú rán igun rẹ̀ tó ya.

Òjò dé, ó sì ń rọ̀. Àwọn èèyàn ń kọjá lábẹ́ agbòòrùn dúdú, ayàwòrán ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Kò kọjá nígun òpópónà mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá náà fúnra rẹ̀ wọlé, omi ń kán lára ẹ̀wù rẹ̀. Ó gbé àtùpà irin ògbólógbòó kan kalẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò lójú irin. Ó jókòó láìgba àṣẹ.

“Ọmọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́,” ló wí. “Ẹ káàárọ̀ bàbá, oúnjẹ ti wà ńlẹ̀ bàbá. Ó parí.” Ó fọwọ́ kan irin tó yọ síwájú lójú àtùpà bí etí fìlà. “Wo èyí. Ẹni tó bá dúró síbi tó yẹ nìkan ló ń rí iná yìí. Iná tìẹ kò burú. Ojú wọn ni kò ní fìlà.”

Ayàwòrán wò ó. “Bàbá, ìgbà wo lẹ mọ̀?”

“Láti ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn ni.” Bàbá tẹjú mọ́ ilẹ̀. “Mi ò fẹ́ sọ ni. Ilé yẹn ti tóbi jù fún ẹnì kan.”

Bàbá ló ránṣẹ́ pe Alágbòòrùn. Ó dé pẹ̀lú àjákù aṣọ dúdú, kò wo ayàwòrán, ó ń rán fìlà fún ojú iná bí ẹni ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́.

“Mo kanlẹ̀kùn,” ló wí níkẹyìn.

“Mo gbọ́.”

“O gbọ́.”

“Mi ò lójú tí màá fi wò ẹ́ ni.”

“Ta ló ní kó o fojú wò mí? Ṣebí ọwọ́ la fi ń ṣílẹ̀kùn.”

Ayàwòrán bẹ̀ ẹ́. Fìlà kẹta, jẹ́jẹ́ ni Alágbòòrùn rán an.

Wọ́n kọ ojú fìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí kàmẹ́rà, bàbá sì jókòó sáàárín. Ó kọ́kọ́ fa fóònù rẹ̀ yọ, ó tan án wàì láti ẹ̀gbẹ́. Àwọn iná kò dáhùn. Ó mi orí pé ó dáa. Ayàwòrán wá tẹ kàmẹ́rà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ṣẹ́jú. Bàbá gba kàmẹ́rà, ó wo ojú ara rẹ̀ lódindi, ìhunjọ kọ̀ọ̀kan hàn, òkùnkùn kò mú ibì kankan lọ.

“Bàbá,” ni ayàwòrán wí, “yàrá iwájú ilé yín dojú kọ ọ̀nà. Bí ẹ bá gbà, ibẹ̀ ni màá gbé ṣọ́ọ̀bù mi wá. Mi ò wá mú ọmọ yín jáde. Èmi ni mo fẹ́ wọlé.”

Bàbá nu ojú. “Òun ni kó o bẹ̀, kì í ṣèmi.”

Alágbòòrùn ń ká òwú. “Ilẹ̀kùn yàrá yẹn, ṣé á máa ṣí?”

“Á máa ṣí.”

“Tí mo bá kàn án lẹ́ẹ̀kan?”

“Kó o tó kàn án.”

Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa àyè kan mọ́ lápá òsì rẹ̀. Ayàwòrán ṣe kàmẹ́rà kó lè ya fúnra rẹ̀, ó wo fọ́tò ìyá rẹ̀ lára ògiri. Ìdajì ojú yẹn ṣì wà nínú òkùnkùn; kò sí iná tó lè débẹ̀ mọ́. Ó sáré lọ jókòó síbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Alágbòòrùn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Òjò ń rọ̀ níta. Iná orí kàmẹ́rà ṣẹ́jú, àwọn tirẹ̀ sì dá a lóhùn.