Okùn Tí Olújídé Kò Fẹ́ So

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má tíì fi di àkàrà. Kọ́kọ́ gbọ́ ti Olújídé tó ń gbẹ́ kànga ní Èjìgbò, ọkùnrin tó bá Ọlọ́run bínú fún ọdún mẹ́ta gbáko.

Láti ọjọ́ tí Àpèkẹ́ aya rẹ̀ ti kú sórí ìkúnlẹ̀ ni kò ti gba ọ̀rọ̀ sétí mọ́. Ó fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó so ońdè aláwọ kan mọ́ ìdí, ó ní kò sí ikú tó lè rí òun gbé mọ́. Ẹni tó bá sì dárúkọ Jésù létí rẹ̀, ìbéèrè kan náà ló máa ń jù lù ú: "Bí agbára lórí ikú bá wà lọ́wọ́ Jésù yín, níbo ló wà lọ́jọ́ tí Àpèkẹ́ ń pè é?"

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ohun tó bí mi nínú ni pé kò dúró gbọ́ ìdáhùn.

Túnmiṣe, ọ̀dọ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló máa ń wà lókè kànga bí Olújídé bá ń gbẹ́ ilẹ̀ nísàlẹ̀. Òun nìkan ni kò yé wàásù fún un.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, wọ́n lọ sílé Màmá Qàwíyyàt ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Kànga rẹ̀ ti ń gbẹ, ó sì fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ará ilé ti sọ ẹ̀rọ onípẹtiróòlù kan kalẹ̀ sínú rẹ̀ láti fa ìwọ̀nba omi tó kù, èéfín ẹ̀rọ náà sì kún ìsàlẹ̀ kànga.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ àtùpà kalẹ̀," Túnmiṣe sọ. "Bí iná ọ̀hún bá kú, kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Ṣé àtùpà ni yóò kọ́ mi níṣẹ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n so okùn mọ́ yín nígbà náà."

Olújídé kì í so okùn. Ìtìjú ni lójú rẹ̀. Ihò ẹsẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára kànga ló fi ń sọ̀kalẹ̀. Túnmiṣe kò dúró gbàṣẹ. Ó fi okùn yí i lábẹ́ apá, ó ta á ní kókó líle. Olújídé bẹ̀rẹ̀ sí í bú u: ó bú bàbá rẹ̀, ó bú Bíbélì rẹ̀, ó bú Ẹni tó ni Bíbélì. Àmọ́ kò tú okùn náà, torí pé ó ń kánjú.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀ tán tí ojú rẹ̀ fi ṣú. Ó gbá ońdè rẹ̀ mú, ó ya ẹnu láti pe ọfọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ. Èémí dà? Kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì.

"Làìláà! Fà á o!" Màmá Qàwíyyàt pariwo, ó sì bá Túnmiṣe di okùn mú. Okùn ń yọ̀, ó ń bó Túnmiṣe lọ́wọ́, síbẹ̀ òun kò jù ú sílẹ̀. Wọ́n fà á títí orí Olújídé fi yọ.

Ó pẹ́ kí ó tó lajú. Ǹjẹ́ o mọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ? Kò dúpẹ́ o.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fà mí? Ẹ̀ bá ti jẹ́ kí n lọ bá Àpèkẹ́!"

Inú wá bí Túnmiṣe. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí i lójú. Awọ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń kán.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń bínú sí ikú? Jésù ń lọ sí ibojì Lásárù, Ó kérora, Ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló pàṣẹ, òkú ọjọ́ mẹ́rin sì jáde. Òun fúnra Rẹ̀ wọ ibojì, Ó sì jí dìde. Mi ò mọ ìdí tí ìyàwó yín fi lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀tá ni ikú, ẹ wá ń bá Ẹni tó ṣẹ́gun rẹ̀ jà!"

Olújídé wo ọwọ́ náà. Ẹkún tí kò sun níbi ìsìnkú Àpèkẹ́ ló bú jáde. Ó já ońdè kúrò ní ìdí, ó jù ú sínú iná ìdáná Màmá Qàwíyyàt.

"Jésù," ó ní, "mo ti ṣẹ̀ Ọ́. Inú ṣì ń bí mi. Má fi mí sílẹ̀ nísàlẹ̀. Fà mí jáde."

Jésù sì fà á jáde. Àpèkẹ́ kò padà wálé, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n Olújídé ti mọ Ẹni tí yóò pe àwọn òkú lọ́jọ́ àjíǹde, kò sì bá A jà mọ́.

Ìwọ ńkọ́, tí ò ń ka èyí tí o sì ń yínmú? Inú ń bí mi sí ọ, mo sọ ọ́ gbangba, torí pé mo ti sin ọ̀pọ̀ ẹni tó ní kí n padà wá lọ́la. Ońdè rẹ, orúkọ rẹ, ilé tí o fi owó tí o ṣiṣẹ́ rí ní Abidjan kọ́, kò sí èyí tó lè dá èémí padà sí ọ nímú. Ọwọ́ Jésù tó di okùn rẹ mú ní àpá ìṣó. Bí o bá ń bínú, sọ fún Un. Ó ti gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n má tú okùn náà. Níbi tí o jókòó sí yìí, lónìí, kí ìwé yìí tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, sọ fún Un pé: "Fà mí jáde."